Ọdún ni kí ẹ kọ́kọ́ kà kí ẹ tó ka owó

Ẹ̀yin arákùnrin wa tí ẹ béèrè bóyá ìwà àìmoore ni kí ẹgbẹ́ họ́kì orí yìnyín jẹ́ kí balógun rẹ̀ tó ti ń dàgbà lọ nítorí gbèdéke owó oṣù, ìyẹn iye tí ẹgbẹ́ kò gbọdọ̀ ná kọjá lórí owó oṣù gbogbo eléré rẹ̀, mo fara balẹ̀ ka ọ̀rọ̀ yín. Ẹ fi Steven Stamkos ṣe àpẹẹrẹ, ẹni tó sin ẹgbẹ́ Tampa Bay fún sáà 16, tó bá wọn gba ife Stanley, ife tó ga jù lọ nínú họ́kì, lẹ́ẹ̀mejì, tó sì gbá góòlù 555 wọlé fún wọn, kó tó kó ẹrù rẹ̀ lọ sí Nashville ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2024. Ẹ ní ìbá sàn kí wọ́n fún un ní iye ọdún tó bá fẹ́, kí wọ́n sì fara mọ́ ohunkóhun tó bá tẹ̀yìn rẹ̀ yọ. Èmi náà ti ronú bẹ́ẹ̀ rí, mo sì ti ṣe é rí. Ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ ni mo fẹ́ sọ fún yín.

Calgary, ní orílẹ̀-èdè Kánádà, ni mo ń gbé láti ọdún 2003. Nígbà tí mo dé, n kò mọ nǹkan kan nípa họ́kì, òtútù ni mo ń bá fà á. Lọ́jọ́ kan, ọmọdékùnrin kan jókòó síwájú mi nínú bọ́ọ̀sì, wọ́n kọ IGINLA gàdàgbà sí ẹ̀yìn ẹ̀wù pupa tó wọ̀, nọ́ńbà 12 sì wà lábẹ́ rẹ̀. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì. Bí ahọ́n àwọn ará ibẹ̀ ṣe gbà ni wọ́n ń pe orúkọ náà, ṣùgbọ́n igi ńlá ni ojú tèmi rí, mo sì béèrè lọ́wọ́ ìyá ọmọ náà pé ta ni ẹni yìí. Bí mo ṣe gbọ́ pé ọmọ Nàìjíríà ni bàbá Jarome Iginla, tí Adékúnlé sì wà lára orúkọ tí wọ́n sọ ọ́, ọjọ́ yẹn ni mo di ọmọ ẹ̀yìn Calgary Flames, ẹgbẹ́ họ́kì tó ń gbá fún. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n fi í joyè balógun. Ní oṣù kẹfà ọdún 2004, Tampa Bay yìí kan náà ló gba ife mọ́ wọn lọ́wọ́ nínú eré keje, tí èmi tí n kò tíì lo ọdún kan ní ìlú náà sì jókòó síwájú tẹlifíṣọ̀n tí n kò lè jẹun.

Kò sí gbèdéke owó nígbà náà. Sáà 2004–05 kò wáyé rárá, nítorí àwọn tó ni ẹgbẹ́ àti àwọn eléré ń bá ara wọn jà lórí owó, nígbà tí wọ́n sì padà dé ní ọdún 2005, òfin tuntun ti wọlé pé ẹgbẹ́ kankan kò gbọdọ̀ ná ju mílíọ̀nù 39 dọ́là lọ lórí gbogbo àwọn eléré rẹ̀. Iye náà ti gòkè láti ìgbà yẹn: ó jẹ́ mílíọ̀nù 64.3 ní sáà 2013–14, ó sì di mílíọ̀nù 95.5 ní sáà 2025–26. Àmọ́ bó ti wù kó ga tó, kò sí pé olówó kan á ti àpò ara rẹ̀ fi kún un. Dọ́là tí ẹ bá fún àgbà, lára ọ̀dọ́ kan ni ẹ ti yọ ọ́, bí ẹ kò tilẹ̀ tíì mọ orúkọ ọ̀dọ́ náà ní ọjọ́ tí ẹ ń fọwọ́ sí ìwé.

Ibi tí mo ti kọ́ ẹ̀kọ́ yìí ni ibi iṣẹ́ mi. Ní ọdún 2008, àwa mẹ́jọ dá líìgì fantasy sílẹ̀ láàárín ara wa. Àwọn eléré gidi ni a máa ń yàn, ohun tí wọ́n bá ṣe lórí yìnyín ni a fi ń ka máàkì, ṣùgbọ́n gbogbo òfin owó líìgì ńlá ni a dà kọ: gbèdéke kan náà, àdéhùn tó ní iye ọdún, àti òfin tó le jù lọ nínú wọn, pé àdéhùn ọlọ́dún púpọ̀ tí ẹ bá fún ẹni tó ti pé ọdún 35 kò ní kúrò lọ́rùn yín, bí onítọ̀hún tilẹ̀ fẹ̀yìn tì. (Nínú líìgì gidi, òfin yẹn ti rọ̀ díẹ̀ láti ọdún 2020, àwa kò tíì yí tiwa padà.) Iginla ni ẹni àkọ́kọ́ tí mo mú. Ní oṣù keje ọdún 2012, àdéhùn rẹ̀ lọ́dọ̀ mi parí nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọdún 35. Ẹni tó fi owó lé e jù lẹ́yìn mi ní òun á fún un ní ọdún méjì, mílíọ̀nù 5 lọ́dún. Mo fún un ní ọdún mẹ́rin, mílíọ̀nù 7 lọ́dún, iye tí Calgary gan-an ń ka sí i lọ́rùn lábẹ́ gbèdéke láti ìgbà tó ti fọwọ́ sí mílíọ̀nù 35 fún ọdún márùn-ún ní 2007. N kò ṣírò rẹ̀. Mo wo orúkọ yẹn, mo sì rò pé bí mo bá dúnàádúrà lórí rẹ̀, mo ti tàbùkù ara mi.

Ní alẹ́ ọjọ́ 27 oṣù kẹta ọdún 2013, mo wà nínú pápá Saddledome, níbi tí Calgary ti ń gbá. Nígbà tí àwọn eléré jáde wá ṣe ìdánrawò kí eré tó bẹ̀rẹ̀, mo ń wá nọ́ńbà 12, n kò rí i. Ọkùnrin àgbàlagbà kan tó jókòó sí ọwọ́ òsì mi ń wá a pẹ̀lú, ó ń fi ìka ka àwọn tó wà lórí yìnyín lọ́kọ̀ọ̀kan, ó kà wọ́n tán, ó tún bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ó bọ́ fìlà rẹ̀, ó gbé e lé orúnkún. Ilẹ̀ ti ṣú púpọ̀ kí a tó gbọ́ pé Pittsburgh ni Iginla ń lọ, nítorí àdéhùn rẹ̀ fún un ní àṣẹ láti kọ ibi tí kò bá wù ú, ibẹ̀ ni ó sì yàn dípò Boston. Ohun tí Calgary gbà fún balógun tó gbá góòlù 525 wọlé fún wọn ni ọ̀dọ́ méjì tí ilé ẹ̀kọ́ gíga ni wọ́n ti ń gbá họ́kì, àti àǹfààní kan láti mú ọmọ tuntun ní ìpele kìíní. Kò sí èyíkéyìí nínú àwọn mẹ́ta tó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní Calgary. Láti ọdún 2009 títí di ìgbà náà, wọn kò dé ìpele kòmẹsẹ̀-ó-yọ mọ́, síbẹ̀ wọn kò lè bá a sọ òótọ́, nítorí a fẹ́ràn rẹ̀. Ìfẹ́ wa náà wà lára ohun tó fà á.

Ní ti ẹgbẹ́ tèmi, kì í ṣe pé Iginla kò ṣiṣẹ́. Góòlù 14 ni ó gbá wọlé ní sáà 2012–13 tí wọ́n gé kúrú, 30 ní sáà tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà 29, lẹ́yìn náà 22. Fún ẹni tó ń lọ sí ọdún 39, iṣẹ́ akíkanjú ni. Àmọ́ ní ọdún 2014, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ṣọ́ ẹ̀yìn fún mi, ọmọ ọdún 22, tó mílíọ̀nù 5, mílíọ̀nù 3 péré ló sì kù sí mi lọ́wọ́. Mo ṣì ní ìwé tí mo fi ń ṣírò rẹ̀: mo fi bírò pupa fa ìlà sí abẹ́ 7 yẹn, mo pa nọ́ńbà mẹ́rin mìíràn rẹ́, mo tún wọn kọ, mo tún pa wọ́n rẹ́, títí tí bébà náà fi ya. Ẹlẹgbẹ́ mi tó jókòó ní tábìlì kejì sí tèmi ló mú ọmọ náà. Ọdún méjì tẹ̀léra ni ó fi gba ipò kìíní.

Ní àkókò kan náà, mo ń wo ohun tí Boston ń ṣe, torí ọ̀dọ̀ wọn ni Iginla lọ ní ọdún 2013. Ọdún kan péré ni wọ́n fún un. Mílíọ̀nù 1.8 ni owó ìpìlẹ̀, ìyókù jẹ́ owó àjẹmọ́nú tó lè gbé e dé mílíọ̀nù 6, nítorí òfin gba ẹgbẹ́ láàyè láti ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó bá ti pé ọdún 35, tó sì gba àdéhùn ọdún kan. Bí àjẹmọ́nú náà bá jẹ́ kí ẹgbẹ́ kọjá gbèdéke, gbèsè rẹ̀ á bọ́ sí ọdún tó tẹ̀ lé e. Ó gbá góòlù 30 wọlé fún wọn. Ní ọdún 2014, gbèsè tó lé ní mílíọ̀nù mẹ́rin ti gúnlẹ̀ sọ́rùn wọn, kò sì sí àyè láti tún un gbà. Colorado ló fún un ní ọdún mẹ́ta, mílíọ̀nù 16. Àwọn kan máa ń ní Boston ṣìṣe. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Gbèsè ọdún kan ni wọ́n jẹ, wọ́n san án, ó tán. Tèmi gba ọdún mẹ́rin.

Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ pé ọdún ló ń pa ẹgbẹ́ ju owó lọ. Ẹ wo Anze Kopitar ní Los Angeles: mílíọ̀nù 10 ni wọ́n ń kà sí i lọ́rùn, ṣùgbọ́n ní oṣù keje ọdún 2023, nígbà tó ku ọdún kan kí àdéhùn rẹ̀ parí, ó fọwọ́ sí ọdún méjì míì ní mílíọ̀nù 7 lọ́dún. Ẹ wo Sidney Crosby ní Pittsburgh ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, tí òun náà ku ọdún kan: ọdún méjì, mílíọ̀nù 8.7, iye kan náà tí wọ́n ti ń kà sí i lọ́rùn láti sáà 2008–09. Àwọn méjèèjì kò gba ọdún gígùn, kò sì sí ẹni tó sọ pé wọ́n fojú tín-ín-rín wọn. Ohun tó jọra nínú ọ̀rọ̀ wọn ni pé wọ́n tètè jókòó sọ ọ́. Láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ni òfin ti gba ẹgbẹ́ láàyè láti bá ẹni tó ku ọdún kan sọ̀rọ̀. Stamkos dé ibùdó ìgbaradì ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023, ó sì sọ ní gbangba pé ó dun òun pé kò sí ẹni tó bá òun sọ̀rọ̀ àdéhùn ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn yẹn. Níbẹ̀ ni mo ti gbà pẹ̀lú yín pé wọ́n ṣẹ̀ ẹ́. Kì í ṣe nígbà tí wọ́n fún Jake Guentzel, ẹni tí wọ́n mú dípò rẹ̀, ní mílíọ̀nù 9 lọ́dún fún ọdún méje. Nígbà tí wọ́n dákẹ́ ni.

Mo mọ̀ pé ẹnìkan á dárúkọ Brad Marchand, ẹni tó pé ọdún 37 tí Florida sì fún ní ọdún mẹ́fà ní 2025, lẹ́yìn tó bá wọn gba ife. Mílíọ̀nù 5.25 lọ́dún ni, ìyẹn sì jẹ́ ọ̀nà láti na owó gùn kí ti ọdún kọ̀ọ̀kan lè rọjú. Mo lóye rẹ̀, mo sì ń bẹ̀rù rẹ̀ fún wọn, nítorí ẹni tí ó gba ife lónìí ló ń jẹ adùn rẹ̀, ẹni tí yóò wà nídìí ìṣirò ní ọdún 2030 ni yóò máa wá àyè.

Ẹ má ṣe gbọ́ mi bí ẹni tó ní kí a lé àgbà dànù. Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Yàrá ìmúra tí kò ní balógun máa ń hàn ní oṣù kejì, nígbà tí ẹgbẹ́ bá ti fìdí rẹmi ní eré márùn-ún léra. Mo fara mọ́ ọn kí wọ́n san owó fún ìyẹn. Mo sì ti rí i pé iyì kò sí nínú gígùn ìwé: ní ọjọ́ kejì oṣù kẹta ọdún 2019, mo tún wà ní Saddledome nígbà tí wọ́n gbé nọ́ńbà 12 lọ sí òkè àjà, ọdún mẹ́fà lẹ́yìn tó ti lọ, gbogbo wa dìde dúró, ọwọ́ mi sì ń ro mí nígbà tí mo délé nítorí àtẹ́wọ́.

Bí ó bá jẹ́ èmi ni wọ́n rán sí Stamkos ní oṣù keje ọdún 2023, nígbà tí gbèdéke jẹ́ mílíọ̀nù 83.5, ọdún mẹ́ta ni n bá fún un, mílíọ̀nù 7 lọ́dún, kí n sì ṣí ìwé owó ẹgbẹ́ sílẹ̀ níwájú òun àti aṣojú rẹ̀, kí wọ́n rí ẹni tí a ó pàdánù bí a bá fi mílíọ̀nù kan kún un. Ọdún mẹ́rin, mílíọ̀nù 8 lọ́dún, ni Nashville padà fún un, nítorí náà ó ṣeé ṣe kó kọ tèmi. Ṣùgbọ́n oṣù keje ni n bá ti gbọ́ ìdáhùn rẹ̀, ọdún kan gbáko yóò sì wà fún òun àti fún ẹgbẹ́ láti múra.