Báwo ni kọ̀ǹpútà ṣe ń yí ọ̀kẹ́ àìmọye àmì tí ẹ̀rọ léésà wọ̀n lára ère padà di ojú ère (ìyẹn ara òde rẹ̀) kan ṣoṣo?

Kọ̀ǹpútà máa ń ṣírò bí ibi kọ̀ọ̀kan ní àyíká àwọn àmì náà ṣe jìnnà sí ojú ère tó, yálà níta tàbí nínú, ibi tí iye náà bá sì ti jẹ́ òdo ni ó ń gbà gẹ́gẹ́ bí ojú ère gan-an. Ìlànà Marching Cubes, tí Lorensen àti Cline gbé jáde ní 1987, ni wọ́n sábà máa ń fi to àwọn onígun mẹ́ta kéékèèké sí ojú náà.

Ìṣòro tó le jù ni pé àmì lè pọ̀ ju ohun tí kọ̀ǹpútà lè gbà lẹ́ẹ̀kan náà lọ: nígbà tí Yunifásítì Stanford wọn ère David tí Michelangelo gbẹ́, ní ìlú Florence, ohun tí wọ́n kó jọ tó nǹkan bí bílíọ̀nù 2 onígun mẹ́ta. Ìdí nìyí tí ọ̀nà Poisson, ìlànà mìíràn tí Kazhdan, Bolitho àti Hoppe gbé jáde ní 2006 láti fi àwọn àmì kọ́ ojú ère, fi ń lo octree, èyí tí ó ń pín àyè sí mẹ́jọ mẹ́jọ níbi tí àmì bá wà nìkan. Ọ̀nà yìí nílò kí a mọ ìhà tí àmì kọ̀ọ̀kan kọjú sí. Ó sì máa ń dí ihò tí ẹ̀rọ kò rí, ṣùgbọ́n àbá ni ohun tí ó fi dí i, kì í ṣe ìwọ̀n.