Ṣé magnesium tí mò ń lò ló ń fa ìgbẹ́ gbuuru?

Ó ṣeé ṣe, pàápàá tó bá jẹ́ magnesium oxide. Ara kì í gbà á tán. Èyí tó ṣẹ́kù nínú ìfun á fa omi mọ́ra, ìgbẹ́ á sì ṣàn. Dín in kù tàbí kí o gbìyànjú irú mìíràn tó ń jẹ́ magnesium glycinate, lẹ́yìn oúnjẹ. Iye "elemental" (ìyẹn magnesium gan-an tó wà nínú oògùn náà) tó wà lára ike ni kí o kà: kí àgbàlagbà má kọjá 350 mg lójúmọ́ láìjẹ́ pé dókítà sọ bẹ́ẹ̀. Tó o bá ń lo ciprofloxacin (oògùn tó ń pa kòkòrò àrùn), gbé e mì ní wákàtí 2 ṣáájú magnesium tàbí wákàtí 6 lẹ́yìn rẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ní wọ ara dáadáa. Ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín ò gbọ́dọ̀ dá magnesium lò: ṣe ni yóò máa pọ̀ sí i nínú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀.