Ẹ̀jẹ̀ ríru tí VA ti kọ̀ rí: ṣé ó tún ṣeé béèrè?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Bàbá ọkọ mi jagun fún Amẹ́ríkà ní Fiẹ́tínámù ní 1969. Ní 2014, wọ́n béèrè owó àìlera lọ́wọ́ VA, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń bójú tó àwọn tó ti ṣiṣẹ́ ológun rí, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru, VA ní kò sí ẹ̀rí pé ogun ló fà á. Àtọ̀gbẹ ti wá kún un báyìí, ẹsẹ̀ wọn ń ta wọ́n bí abẹ́rẹ́. Kí la lè ṣe?

Ìdáhùn: Ó ṣeé béèrè dáadáa. Òfin PACT Act tí wọ́n fọwọ́ sí ní oṣù kẹjọ 2022 ti fi ẹ̀jẹ̀ ríru kún àwọn àìsàn tí VA gbà pé Agent Orange, oògùn apagbó tí ọmọ ogun Amẹ́ríkà fọ́n níbẹ̀, ló fà. Àtọ̀gbẹ oríṣi kejì ti wà lára wọn tipẹ́. Ẹni tó bá sìn ní Fiẹ́tínámù láàárín ọjọ́ 9 oṣù kìíní 1962 sí ọjọ́ 7 oṣù karùn-ún 1975 kò ní láti wá ẹlẹ́rìí pé oògùn náà kan òun. Ìwé ìfẹ̀yìntì ogun, DD214, ni kí ẹ fi hàn pé bàbá dé ibẹ̀. Kí dókítà sì kọ ọ́ pé àìsàn náà wà lára wọn.

Fọ́ọ̀mù ló ń da ọ̀pọ̀ èèyàn rú. VA ti dájọ́ lórí ẹ̀jẹ̀ ríru rí, nítorí náà 20-0995 ni ẹ ó fi gbé e padà. Àtọ̀gbẹ kò tíì dé iwájú wọn, 21-526EZ ni tirẹ̀. Ẹ kọ ti ẹsẹ̀ náà sínú rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àìsàn tí àtọ̀gbẹ bí. Ti ẹsẹ̀ yìí ni mo fẹ́ kí dókítà kọ lẹ́tà lé lórí, kó sọ ìdí tó fi gbà pé àtọ̀gbẹ ló ba iṣan ìmọ̀lára ibẹ̀ jẹ́.

Ẹ má retí owó ńlá lórí ẹ̀jẹ̀ ríru ṣá. Bí oògùn bá ti kápá rẹ̀, 0% ni VA sábà máa ń fún èèyàn nínú ìwọ̀n àìlera tí wọ́n fi ń ṣírò owó. Ẹ tú ìwé ilé ìwòsàn àtijọ́: bí nọ́ńbà ìsàlẹ̀ nígbà tí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ ríru bá sábà máa ń tó 100 kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ oògùn, tí wọn ò sì lè fi oògùn sílẹ̀, 10% tọ́ sí wọn. Àtọ̀gbẹ tó ń gba oògùn oníhóró àti ìṣọ́ oúnjẹ jẹ, 20% ni.

Lọ́jọ́ àyẹ̀wò tí VA bá pè wọ́n sí, bí dókítà bá ní báwo lara, kí bàbá má dáhùn pé “ara le.” Àwọn àgbà ológun kì í fẹ́ ráhùn, ohun tí wọ́n bá sì sọ ni dókítà ń kọ. Kí wọ́n sọ ti òru tí ẹsẹ̀ kò jẹ́ kí wọ́n sùn.

Ẹ má sanwó fún ẹnikẹ́ni láti bá yín kọ 21-526EZ, òfin kò gbà á. Bí ìwé kò bá sì tíì pé, ẹ fi 21-0966, fọ́ọ̀mù tó ń sọ fún VA pé ẹ fẹ́ béèrè, ránṣẹ́ ná: ó ń fún yín ní ọdún kan láti parí 21-526EZ, ọjọ́ tí 21-0966 dé ọwọ́ VA sì ni owó lè ti bẹ̀rẹ̀ sí í kà.