Gílóòbù Fọ́ Sórí Rọ́ọ̀gì? Ẹ Fi Ìgbálẹ̀ Sílẹ̀ Ná

*Mọ́mì Nọ́ọ̀sì, ẹ kú iṣẹ́ o. Lọ́jọ́ Sátidé, ọkọ mi ń pààrọ̀ gílóòbù pálọ̀, èyí tó lọ́ bí ìwo àgbò yẹn, ló bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ó fọ́ yángá sórí rọ́ọ̀gì. Mo gbá a, mo dà á nù. Lọ́jọ́ kejì ni mo tún rí àfọ́kù rẹ̀ níbi tí àwọn ìbejì mi, ọmọ oṣù mẹ́sàn-án, ti ń rákòrò. Aládùúgbò wa wá ní májèlé wà nínú gílóòbù yẹn. Ṣé òótọ́ ni? — Ìyá Ìbejì, Ìbàdàn*

Ìyá Ìbejì, ẹ kú ìtọ́jú o. Òótọ́ ni aládùúgbò yín sọ, àmọ́ ẹ má jẹ́ kí àyà yín já. Gílóòbù tó lọ́ yẹn, àti èyí tó gùn bí ọ̀pá, ní mẹ́kúrì nínú, irin olómi tó jẹ́ májèlé. Ti inú èyí tó lọ́ kì í sábà ju mílígíráàmù 4 sí 5 lọ. Nígbà tí mo wà nílé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì, bí tẹmọ́mítà bá fọ́ ní wọ́ọ̀dù, ṣe la máa ń fi ìka lé mẹ́kúrì rẹ̀ kiri orí tábìlì bí ọmọdé tó ń ta òkòtó. Bẹ́ẹ̀, ti inú tẹmọ́mítà kan lè ju ti gílóòbù yín lọ ní ìlọ́po 100. Ariwo pé a ń fi àkókò ṣòfò ni Sístà wa máa ń pa. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé ó ń di afẹ́fẹ́ tí imú kì í gbóòórùn, tí a sì ń fà á símú. Inú ṣì ń bí mi di òní.

Ohun tó kọ mí lóminú nínú lẹ́tà yín ni "mo gbá a" yẹn. Àfọ́kù a máa sá pamọ́ sáàárín igi ìgbálẹ̀. Bí ilẹ̀ bá mọ́, ẹ ó gbé e lọ gbìn sí yàrá. Ẹ̀tù funfun inú gílóòbù náà á sì fọ́n káàkiri. Ẹ dákun, ẹ ju ìgbálẹ̀ yẹn nù.

Ẹ kó àwọn ọmọ kúrò ní pálọ̀. Ẹ ṣí fèrèsé, ẹ pa fáànù, kí ẹ̀yin náà jáde fún bí ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàtà gidi ni kí ẹ wọ̀, kì í ṣe sílípáàsì. Kí ẹ fi láílọ́ọ̀nù bọ ọwọ́. Páálí méjì ni kí ẹ fi kó èyí tó tóbi, kí ẹ máa tẹ sẹ́lótéépù mọ́ rọ́ọ̀gì fún àwọn wẹ́wẹ́. Tí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ pa iná, ẹ tan tọ́ọ̀ṣì fóònù, ẹ gbé e dùbúlẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀: èyí tó bá kù á máa dán yinrin. Gbogbo rẹ̀, títí kan sẹ́lótéépù, di inú agolo mílíìkì tó ní ìdérí. Ẹ má dáná sun ún o. Ẹ jẹ́ kí fèrèsé wà ní ṣíṣí títí dalẹ́.

Ká ní ife lásán ló fọ́ sórí sìmẹ́ńtì ni, ẹ̀bà àná ni ìyá mi máa ń lò: á pọ́n ọn tó ìkúùkù, á máa tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, gbogbo ẹ̀rún á lẹ̀ mọ́ ọn. Búrẹ́dì tó rọ̀ náà ń ṣe é. Lọ́dún kan ó ju ẹ̀bà náà sẹ́yìnkùlé, àkùkọ tí a ń sìn de Àjíǹde jẹ ẹ́. Ìrẹsì láìlẹ́ran la jẹ lọ́dún náà. Nítorí náà, inú agolo ni, kí ẹ sì kọ "ÀFỌ́KÙ" sí i lára, torí ọwọ́ lásán ni àwọn akólẹ̀kódọ̀tí fi ń ṣiṣẹ́.

*Mọ́mì, mo tọ́jú kẹrosíìnì sínú ìgò ọtí ẹlẹ́rìndòdò, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi gbé e mu lóṣù tó kọjá. Ìyá wa fún un ní epo pupa kí ó lè bì í. Dókítà bínú. Ara ọmọ ti yá, àmọ́ ìyá wa ṣì ń sọ pé epo òun ló wò ó sàn. Ta ló jàre? — K., Ṣàgámù*

Dókítà ló jàre, bó o sì ṣe máa sọ ọ́ fún ìyá rẹ di ọwọ́ rẹ. Kẹrosíìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ ṣe ikùn ní nǹkan. Ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́. Bí ọmọ bá bì í, tó ń padà bọ̀ lọ́nà ọ̀fun, ìgbà yẹn gan-an ló rọrùn fún un láti yà sí ọ̀nà èémí. Ọmọ tó bá mu ún, ẹ má fún un ní epo, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má ki ìka bọ̀ ọ́ lọ́fun. Ẹ bọ́ aṣọ tó bá dà sí lára, kí ẹ gbé e lọ sílé ìwòsàn pẹ̀lú ìgò náà, bí kò tilẹ̀ tíì húkọ́.

O ò sọ fún mi ibi tí ìgò yẹn wà báyìí. Tó bá ṣì wà lábẹ́ tábìlì, dìde, lọ da kẹrosíìnì inú rẹ̀ padà sínú kẹ́ẹ̀gì, kó o tó ṣí ojú ewé tó kàn.