Ṣé kánsẹ́lọ̀ lè ta sìmẹ́ǹtì fún kánsù?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́, Lọ́yà. Ó ti pẹ́ tí mo ti ń ta sìmẹ́ǹtì ní Ṣàgámù. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dìbò yàn mí sí kánsù ni. Kánsù fẹ́ ṣe gọ́tà, ọ̀dọ̀ mi sì ni sìmẹ́ǹtì ti dínwó jù. Bí mo bá tà á fún wọn, tàbí kí n forúkọ ọmọ mi tà á, kí ló burú níbẹ̀?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire, màmá. Ẹ má tà á, ẹ má sì forúkọ ọmọ tà á. Òfin ìwà àwọn tó wà nípò ìjọba, èyí tó wà nínú ìwé òfin Nàìjíríà ti 1999, kan àwọn ọmọ kánsù náà. Kò gbà kí èrè yín àti iṣẹ́ ìlú forí gbárí. Ohun tí ẹ bá sì fi ọmọ ṣe, ọrùn yín ló ń bọ̀.

Mo mọ̀ pé ẹ ò ní in lọ́kàn láti rẹ́ ìlú jẹ. Lọ́jà, ẹ jẹ́ kí oníbàárà ná ọjà, ẹ fi èènì sí i, ẹ ta àwìn fún ẹni tẹ́ ẹ ti mọ̀. Ìwà ọmọlúàbí ni, torí ọjà yín ni, ẹni tí kò bá sì tẹ́ lọ́rùn á lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Àmọ́ kánsù mìíràn wo ni ará Ṣàgámù fẹ́ lọ? Bí sìmẹ́ǹtì bá ti dì, tàbí tí àpò kò pé, ta ni yóò dá a padà? Ẹ̀yin tó yẹ kẹ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò náà lẹ tà á. Ẹ̀dínwó kò tán ìyẹn. Ní Ìjẹ̀bú àtijọ́ pàápàá, ọwọ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni òwò àti ìdájọ́ wà: ẹgbẹ́ Pàràkòyí ló ń bójú tó òwò, ẹgbẹ́ Òṣùgbó ló ń dájọ́.

Ẹ̀bùn ńkọ́? Òfin fàyè gba ti ẹbí àti ọ̀rẹ́, níwọ̀n tí àṣà gbà. Kọngílá tó bá fa màlúù wá fún yín nítorí Iléyá, ẹ dá a padà fún un.

Bó bá jẹ́ pé iṣẹ́ kánsù nìkan ni wọ́n gbà yín fún lójoojúmọ́, ẹ ò gbọdọ̀ máa darí ṣọ́ọ̀bù mọ́; iṣẹ́ oko nìkan ni òfin yọ sílẹ̀. Ẹ fà á lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, kẹ́ ẹ sì kọ ọ́ sínú fọ́ọ̀mù ohun ìní yín fún Code of Conduct Bureau, ìyẹn àjọ ìjọba tó ń bójú tó òfin ìwà yìí. Ẹni tó bá rú òfin yìí lè pàdánù ipò, kó má dépò ìjọba mọ́ títí di ọdún 10, kí ìjọba sì gba ohun tó fi kó jọ.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ gọ́tà bá dé ìpàdé, ẹ sọ fún gbogbo ọmọ kánsù pé ẹ ń ta sìmẹ́ǹtì, kí akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, kẹ́ ẹ sì bọ́ síta kí wọ́n tó pinnu.