Ṣé "ọmọ" inú ìwé ètò ìsìnkú ti tó láti fi so ọmọ mọ́ bàbá?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, mà. Mo ń fi Gramps, ètò kọ̀ǹpútà fún títo ìran, to ìran bàbá mi. Ìwé ètò ìsìnkú bàbá àgbà kan nílé wa, ti 1987, wà lọ́wọ́ mi. Orúkọ bàbá tó bí bàbá mi wà lára àwọn ọmọ tí olóògbé fi sáyé lọ, orúkọ ìdílé kan náà ni wọ́n sì ń jẹ́. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní London ti gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀, ẹlòmíràn náà sì tún ní in bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rí mẹ́ta nìyẹn. Ibo ni kí n kọ wọ́n sí nínú Gramps kó lè hàn pé ọ̀rọ̀ ti parí?

Ìdáhùn: Ibi tí ẹ ó kọ ọ́ sí kò ṣòro, màá dé ibẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ti parí" yẹn ló ká mi lára. Irú ìbéèrè yìí ti sú mi í gbà, ẹ má bínú.

Ẹ jẹ́ ká tún ẹ̀rí yín kà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá yín ní London, níbo ló ti rí tirẹ̀? Ẹ bi í. Bó bá jẹ́ inú ìwé ìsìnkú kan náà ni, tí ẹnìkejì sì wò ó kọ látọ̀dọ̀ rẹ̀, ẹ̀rí kan ṣoṣo lẹ ní, ẹnu mẹ́ta ló ń sọ ọ́. Mi ò sọ pé irọ́ ni.

Ó wá ku ìwé ìsìnkú náà. Ta ló kọ ọ́? Kì í ṣe olóògbé. Àwọn mọ̀lẹ́bí ló jókòó to orúkọ, tí wọ́n sì sáré gbé e lọ sílé ìtẹ̀wé. Ta ni wọ́n ń pè ní ọmọ níbẹ̀? Ọmọ bíbí inú olóògbé wà níbẹ̀. Ọmọ tí ìyàwó gbé wá láti ilé ọkọ àkọ́kọ́ lè wà níbẹ̀. Ọmọ àbúrò rẹ̀ tí bàbá tirẹ̀ ti kú tipẹ́ wà níbẹ̀, torí ta ni yóò dúró níwájú àlejò kó máa ṣàlàyé pé "èyí kì í ṣe ọmọ wa gan-an"? Ìwà ìkà nìyẹn lójú wa. Èdè wa kúkú ní ọ̀rọ̀ tó ṣe pàtó: ọbàkan wà, iyèkan wà. Ẹ lọ wo ìwé ìsìnkú mẹ́wàá, kí ẹ wò ó bóyá ẹ ó rí ọ̀kankan nínú méjèèjì. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n ń fi ìwé yẹn bù fún òkú, wọn ò kọ ọ́ fún ẹni tó ń wá ìdí ìran.

Gramps ò mọ gbogbo èyí. Bí ẹ bá ṣe fi ọmọ sábẹ́ bàbá báyìí, ó ti kọ Birth, ìyẹn ọmọ bíbí, sí i, fún bàbá àti fún ìyá. Ìwé ò sọ bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin náà ò sọ bẹ́ẹ̀. Ètò náà ló gba ẹnu yín sọ ọ́.

Ti orúkọ ìdílé ńkọ́? Àjàyí tí wọ́n kó lẹ́rú ní Òṣoògùn ní 1821, orúkọ àlùfáà Gẹ̀ẹ́sì kan ló gbà nígbà tó ṣe ìrìbọmi ní Sàró ní 1825: Samuel Crowther. Ṣé ẹ ó wá tìtorí ẹ̀ máa wá bàbá rẹ̀ kiri London? Àìmọye ọmọ ló sì ń jẹ́ orúkọ ẹ̀gbọ́n bàbá tó rán wọn nílé ìwé. Crowther yìí kan náà tún pàdé ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25, òun fúnra rẹ̀ ló sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tọ́rọ̀ ṣojú ẹ̀, tó kọ ọ́ nígbà tó ṣẹlẹ̀: ìyẹn ni mò ń pè ní ẹ̀rí.

Ní tiyín, ẹ wá bí wọ́n ṣe pín ogún olóògbé, bí wọ́n bá kọ ọ́ sílẹ̀. Bó bá jẹ́ ìdí igi ni wọ́n fi pín in, wọ́n á ti to àwọn ọmọ sábẹ́ ìyá tó bí wọn. Lọ́jọ́ ìsìnkú, gbogbo wa là ń jẹ́ ọmọ. Lọ́jọ́ ogún, wọ́n á bi yín ní ìdí ìyá tí ẹ ti wá. Bí ìyá àgbà kan bá ṣì wà nílé, ẹ má bi í pé ta ni bàbá tó bí bàbá bàbá yín. "Ìyá wo ló bí i?" ni kí ẹ bèèrè, kí ẹ sì gba ohùn wọn sílẹ̀ bí wọ́n bá gbà bẹ́ẹ̀. Ìwé ìrìbọmi ìjọ náà dára, àmọ́ ẹ kíyè sí ẹni tó mú ọmọ wá. Ìwé ìbúra ọjọ́ orí láti kóòtù? Ohun tí ẹni tó búra sọ ló wà níbẹ̀, kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbowó DNA lọ́wọ́ yín pé òun ó fi yanjú ẹ̀: ọbàkan ẹni àti àbúrò bàbá ẹni, bíi ìdá 25 nínú 100 DNA wa ni a máa ń bá ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn pín, kò sì ní fi ìyàtọ̀ wọn hàn.

Ibi tí ẹ ó kọ ọ́ sí nìyí. Ẹ ṣí Family náà, ẹ tẹ orúkọ ọmọ lẹ́ẹ̀mejì nínú àtẹ àwọn ọmọ. Ojú ewé kékeré tó bá jáde ni ti okùn tó so ọmọ mọ́ òbí. Ẹ yí Birth sí Unknown, kí ẹ fi Citation ìwé ìsìnkú náà, ìyẹn ìtọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, síbẹ̀ gan-an, kì í ṣe sábẹ́ orúkọ ọmọ. Confidence rẹ̀, ìyẹn bó ṣe ṣeé gbára lé tó: Low. Ẹ da gbólóhùn inú ìwé náà kọ bó ṣe wà, kí ẹ kọ èrò tiyín sínú Note ọ̀tọ̀. Bí ẹ bá fẹ́ fi GEDCOM, irú fáìlì tí àwọn ètò ìran fi ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, gbé e fún ẹni tó ń lo ètò mìíràn, ẹ fi Citation náà sínú Note pẹ̀lú, torí GEDCOM 5.5.1 tí ọ̀pọ̀ ṣì ń lò kò ní àyè fún un lórí okùn yẹn.

Èmi kì í ṣe lọ́yà o. Bó bá jẹ́ nítorí ilẹ̀ ìdílé tàbí oyè lẹ ṣe ń to ìran yìí, ẹ gbé ìwé yín tọ lọ́yà lọ kí ẹ tó fi han ẹnikẹ́ni nínú ẹbí.