Fóònù mi ti pé ọdún mẹ́ta, iná rẹ̀ kì í pẹ́ mọ́. Ṣé kí n ra tuntun?

Má tíì rà á. Bátìrì ló ti ń gbó, fóònù fúnra rẹ̀ lè má ní àìsàn kankan. Apple sọ pé bátìrì iPhone 14 àti àwọn tó ṣáájú rẹ̀ yóò ṣì máa gba nǹkan bí ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti ṣájì rẹ̀ kún nígbà 500. Bí iPhone ni tìrẹ, ṣí Settings, kí o wo Battery Health. Bí ó bá ti wá sí ìsàlẹ̀ 80, bátìrì ni kí o pààrọ̀. Owó rẹ̀ kéré púpọ̀ sí owó fóònù tuntun.

Ohun kan ṣoṣo tó lè mú mi sọ pé kí o rà á kíákíá ni ààbò. Bí ilé-iṣẹ́ tó ṣe fóònù rẹ kò bá fi àtúnṣe (update) ránṣẹ́ sí i mọ́, ihò tí àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì bá rí níbẹ̀ kò ní dí mọ́, bẹ́ẹ̀ orí fóònù yẹn náà ni owó rẹ tó wà ní báńkì ti ń gbà kọjá. Jọ̀ọ́, má fi èyí falẹ̀ rárá.

Google ṣèlérí àtúnṣe ọdún 7 fún Pixel 8, Samsung náà ṣe bẹ́ẹ̀ fún Galaxy S24. Ṣùgbọ́n ìgbà tí fóònù kọ́kọ́ jáde ni wọ́n ti ń ka ọdún náà, kì í ṣe ọjọ́ tí ìwọ rà á. Bí èyí tó o fẹ́ rà bá ti lo ọdún mẹ́ta lọ́jà, mẹ́rin péré ló kù fún ọ.